Ooru Tí Mo Gbọ́, Ooru Tí Wọ́n Wí

Láti ìgbà tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ní Mowe. Ṣé yìnyín ń bọ́ níbẹ̀? Ṣé òyìnbó pọ́ńbélé ni wọ́n? Màá rẹ́rìn-ín, màá sì wolẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mí láti Ifọ̀, níbi tí wọ́n bí mi sí, mọ̀ pé bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni kí wọ́n ti wá mi. Ohun tí n kò lè fẹnu sọ ni mo jókòó kọ yìí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì ni mo dé tí bàbá mi fi kú. Ẹ bá mi gbà á bó ṣe wà.

Ìrẹsì ni ìyá mi ń bọ̀ tà ní Ọ̀fàdà. Èmi ń gbé Mowe lọ́dọ̀ Màmá Bísọ́lá, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Àǹtí Bísọ́lá, ọmọ wọn, ló kàwé kàwé títí tó fi di ẹni tó ń wo ìràwọ̀ jẹun ní ilẹ̀ Ṣílè, ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún. Nígbà tí Àǹtí bímọ, màmá ló yẹ kó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ, ṣùgbọ́n orúnkún màmá kọ̀. Ọkọ Àǹtí sì ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Màmá wò mí títí, wọ́n ní, “Rùkáyátù, ìwọ tí o kì í sọ̀rọ̀ yìí, ìwọ ni màá rán. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ kì í ṣìnà nínú èdè ẹlòmíràn.” Wọn ò mọ̀ pé inú èdè tiwa gan-an ni màá ti ṣìnà.

*Ibi tí aṣọ ti ń gbẹ lọ́wọ́ ẹni*

Ohun tó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ kì í ṣe èèyàn, gbígbẹ ni. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni ètè mi fà bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn. Ilẹ̀ pupa lọ súà, kò sí koríko kan tí ewúrẹ́ lè fi tan ara rẹ̀ jẹ. Òkè yí wa ká. Ojú ọ̀run dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mejì, ìkùukùu kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀.

Ilé amọ̀ ni wọ́n kó wa sí, ní abúlé kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè. Awò ńlá tí Àǹtí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ń wo ìràwọ̀ wà lókè téńté, níbi tí èémí kì í tó èèyàn. Ìsàlẹ̀ níbi tí a wà ni wọ́n ti ń tún irinṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó gbé e gòkè.

Màmá Rósà ló ni ilé náà. Irun wọn funfun, wọ́n dì í ní méjì sẹ́yìn bí ti ọmọdébìnrin. Wọ́n jáde wá pàdé wa, èmi sì kúnlẹ̀ kí wọn bí mo ṣe mọ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n rò pé òkè ti mú mi, pé mo ń dákú lọ ni. Wọ́n di apá mi mú, wọ́n ń pariwo kí wọ́n gbé omi wá. Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn wọn fi jí. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé fún Màmá Rósà tán, màmá fà mí mọ́ra, wọ́n fi ẹnu kò mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wá ku díẹ̀ kí èmi náà sá padà sínú ọkọ̀. Bí a ṣe kí ara wa lọ́jọ́ náà nìyẹn, kálukú dẹ́rù ba ẹnìkejì.

Lọ́jọ́ kejì, mo fọ aṣọ Mojọlá, ọmọ náà. Kí n tó sá èyí tó kẹ́yìn, èyí tí mo kọ́kọ́ sá ti gbẹ. Mo dúró sídìí okùn, ìyá mi ni mo ń rò. Ní Ọ̀fàdà, bí a bá bọ ìrẹsì nínú dúrọ́ọ̀mù tán, orí tapólì la máa ń sá a sí, a ó sì máa wojú ọ̀run. Bí òjò bá ṣú, a ó sáré kó o wọlé. Bó bá dá, a ó tún kó o jáde. Nígbà mìíràn, ọjọ́ mẹ́rin la fi ń ṣe é. Ìyá mi á ju hóró kan sẹ́nu, wọ́n á gé e. Bó bá dún kó, ó ti gbẹ. Bó bá rọra fọ́ láìdún, ó ṣì kù. Níbi tí mo wà lọ́jọ́ náà, láàárọ̀ ni wọn ì bá sá a, kó tó di ọ̀sán yóò máa dún kó.

Gbígbẹ náà kò fi ara sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń yọ ní imú mi láràárọ̀, ètè mi là. Súwẹ́tà tí mo bá ń bọ́ ń ta mí pàrà. Òrí tí màmá dì fún mi láti Mowe ni mo fi ń pa ara ọmọ. Màmá Rósà gbóòórùn rẹ̀, wọ́n bu díẹ̀ pa ọwọ́, kó tó di ọjọ́ kẹta àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń run òrí.

*Omi tó ń hó tí kò gbóná*

Oúnjẹ wọn dùn, àfi pé wọn kì í jẹ ata. Wọ́n ní ẹran kan tí wọ́n ń sá gbẹ bíi kúndì, wọ́n á fi se ọbẹ̀ olómi pẹ̀lú ọ̀dùnkún àti ọkà kan tí hóró rẹ̀ kò ju ti yanrìn lọ. Wọ́n tún ní ewé tí wọ́n ń rẹ sómi gbígbóná fún ẹni tí òkè bá ń fọ́ lórí. Láràárọ̀ ni Màmá Rósà máa ń dúró tì mí títí màá fi mu ún tán, bí ìgbà tí ìyá bá ń fún ọmọ ní àgbo.

Mo gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà lọ, tí ìyá mi bọ̀ tí wọ́n sá gbẹ fúnra wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ fi ṣe wọ́n lálejò, omi ń hó kùtùkùtù, ìrẹsì ò rọ̀. Mo kó igi síná, ó ń hó sí i, ìrẹsì le bí òkúta wẹẹrẹ. Ojú tì mí. Àǹtí ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé bí èèyàn bá ṣe ń gòkè sí ni omi ń tètè hó, kó tó gbóná bó ṣe yẹ. Omi tó ń hó tí kò gbóná: mo rò ó pé bí mo bá sọ èyí ní Ìbafò, wọ́n á ní mo ti ń parọ́ ìlú òkèèrè. Màmá Rósà gbé ìkòkò kan tí ìdérí rẹ̀ ń dè pinpin wá, ló bá jinná. Wọ́n fi ọbẹ̀ ata jẹ ẹ́, omijé dà, wọ́n mu ife omi mẹ́ta, wọ́n sì na abọ́ wọn sí mi padà.

Àwọn ni wọ́n ń kọ́ mi ní èdè wọn nínú ilé ìdáná. Wọ́n á gbé nǹkan sókè, wọ́n á pè é: *agua* ni omi, *sal* ni iyọ̀, *pan* ni búrẹ́dì, *yo* ni èmi. Wọn kì í rẹ́rìn-ín bí mo bá ṣì í pè. Lálaalẹ́ wọ́n á ní kí Àǹtí bi mí bí òjò ṣe ń rọ̀ nílùú wa. Màá ní ní Mowe, bó bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ ò ní gbọ́ ohun tí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń wí. Wọ́n á mi orí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún ní kí n sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà láàárín àwọn tó ń bá Àǹtí ṣiṣẹ́, Tòmáàsì lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tún irinṣẹ́ ṣe. Ó dàgbà jù mí, n kò lè pe orúkọ mọ́ ọn lórí, mo ń pè é ní Búrọ̀dá. Ó rò pé orúkọ tí mo sọ ọ́ ni. Kò pẹ́, Màmá Rósà náà ń pè é ní Búrọ̀dá, àwọn tó wà lókè náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí màmá bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ òjò lọ́wọ́ mi, á fi ọwọ́ bo etí, á ní kí wọ́n má pe òjò lé òun lórí.

*Ohun tí wọ́n ń wá*

Ìdí tí Búrọ̀dá fi ń sá fún òjò ni Àǹtí ṣàlàyé fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí n na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, kí n dijú.

“Kí lo mọ̀?”

Mo ní ooru.

“Ṣé o rí i?”

Mo ní rárá.

“Ìmọ́lẹ̀ ni òun náà. Ojú wa ni kò mọ̀ ọ́n, awọ ara ló mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n ní àwọn ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú eruku ni wọ́n ń bí wọn sí, eruku náà bò wọ́n bí ikùn ṣe ń bo ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kò lè jáde níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ ooru yìí lè jáde, yóò sì rin ìrìn tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé ẹnu ọ̀nà tán ni wàhálà wá. Omi wà nínú afẹ́fẹ́, omi tí a kò rí, òun ló ń gbé ooru ìràwọ̀ mì. Lókè Mowe, omi náà pọ̀ débi pé èyí tó pọ̀ jù nínú ooru ìràwọ̀ ti tán kó tó kan páànù ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé awò wọn wá sí aṣálẹ̀, tí wọ́n tún gbé e gun òkè. Àǹtí ní lọ́jọ́ tó bá dára, bí èèyàn bá fún gbogbo omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ láti orí òkè yẹn dé ọ̀run sílẹ̀, kò ní nípọn ju èékánná mi lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Àmọ́ Àǹtí ti pẹ́ nílẹ̀ òkèèrè. Yorùbá wọn já gaara, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lẹ́nu ni wọ́n ń lò. Wọ́n pe omi inú afẹ́fẹ́ yẹn ní ooru omi, bí a ṣe ń pe ohun tó ń jáde lẹ́nu ìkòkò. Nígbà tó yá, wọ́n gé e kúrú, ó di ooru. Ooru ni wọ́n ń wá, ooru náà ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ó dà rú mọ́ mi lójú, ṣùgbọ́n mo ní “Ẹ̀ẹ́n, mà.” Ojú ń tì mí láti béèrè.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fún Àǹtí láti lo awò ńlá náà. Èèyàn púpọ̀ ló ń tò fún un, ó lé ní ọdún kan tí wọ́n ti ń dúró. Láàárín oyún, láàárín ìrọbí, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni wọ́n ń fojú sọ́nà fún. Bí ó bá ṣòfò, ẹ̀yìn ìlà ni wọn yóò padà sí, àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ náà sì lè má dúró dè wọ́n mọ́.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ lò wà nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Ó dà bí kẹ́ẹ̀gì onírin, dígí roboto kan wà níwájú rẹ̀, kò fẹ̀ ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Búrọ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dígí náà sí i ni, ó fi aṣọ funfun bò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, òun àti Àǹtí gòkè lọ ṣètò. Ọ̀sán ni Búrọ̀dá yóò padà wá gbé irinṣẹ́. Àǹtí ti wà nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rántí, wọ́n yọ orí.

“Rùkáyátù, mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kí ooru wọ yàrá yẹn o.”

Mo ní, “Ẹ̀ẹ́n, mà.”

*Iyọ̀*

Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti kọjú sí yàrá náà. Mo ṣí ilẹ̀kùn wò ó, mo fọwọ́ kan ògiri, ó gbóná. Ooru ti wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé inú ilé onípáànù rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí à ń ṣe. Mo rẹ ìró méjì sómi, mo fi kọ́ ojú fèrèsé. Mo bu omi sínú abọ́, mo wọ́n ọn sílẹ̀ yíká, bí a ṣe ń wọ́n ọn kí a tó gbálẹ̀. Yàrá náà tutù dáadáa. Inú mi dùn, mo ń jó díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú Mojọlá lẹ́yìn mi.

Ìgbà náà ni mo rí i pé omi ti ta sórí aṣọ funfun náà. Mo ká a kúrò. Níbi tí omi kàn, dígí náà kò dán mọ́, ó rí bí ẹyinjú arúgbó. Mo fi ìka nù ún, ó burú sí i. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, mo fi ìka náà lé ètè pé kó dákẹ́. Ojú ibi tí ètè mi ti là ta mí lójijì. Mo fi ahọ́n kàn án.

Iyọ̀ ni.

Mo tún un tọ́ wò. Iyọ̀ ni wọ́n gé tí wọ́n dán bíi dígí. Ta ló bí mi sí Ifọ̀ tí n kò mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe lásìkò òjò, tó ń sunkún nínú agolo láìsí ẹni tó nà án? Lẹ́sẹ̀kan náà ni mo mọ ooru tí Àǹtí ń wí. Ooru ìkòkò Màmá Rósà ni, tó lè gba ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọlé. Èmi sì fi ọwọ́ ara mi bu omi wọlé.

Mo dá aṣọ funfun padà sórí dígí, mo já àwọn ìró náà, mo sáré kó wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Mo dúró síbẹ̀, mi ò purọ́ fún yín, ó wá sí mi lọ́kàn pé kí n dákẹ́. Kò sẹ́ni tó rí mi. Aṣọ funfun á gbẹ kíákíá, ilẹ̀ ti ń gbẹ. Gbogbo ayé mi ni mo ti fi dákẹ́, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ọkọ̀ ń dún níwájú ilé ni mo mọ̀ pé Búrọ̀dá ti dé, ó ti di irinṣẹ́ sínú àpótí tìmùtìmù rẹ̀, ó ti gbé e sọ́kọ̀, ó ń lọ. Yóò dé òkè, wọn yóò gbé e sójú awò, Àǹtí yóò máa wo òfìfo, wọn ò ní mọ ohun tó fà á.

Mo sáré pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi. Ẹnu mi kò rí nǹkan kan sọ, ẹsẹ̀ mi ló rántí ohun tí à ń ṣe bí a bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ọkọ̀.

Búrọ̀dá bẹ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, ó rò pé mo dákú. Ó ń nawọ́ sí ọmọ. Màmá Rósà jáde sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n wò mí, wọ́n sọ gbólóhùn kan fún un. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Àǹtí túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní, “Kò ṣubú. Ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ.”

Mo na ọwọ́ sí àpótí. “*Sal*,” mo ní. Mo gbé ìka mi sókè. “*Agua*.” Mo wá fọwọ́ lé àyà mi. “*Yo*.”

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n n kò tíì bá ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí mi sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ṣí àpótí. Ó wo dígí náà. Kò jágbe mọ́ mi, ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Lẹ́yìn ìyẹn ó dìde, ó gbé e padà wọlé, ó tú u, ó mú awọ rírọ̀ kan àti ẹ̀tù funfun àti ọtí líle kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dígí iyọ̀ náà yí lórí awọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń lọ ata tó fẹ́ kó kúnná. Ó ní kí n di iná mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè máa rí àbùkù rẹ̀. Màmá Rósà gba ọmọ.

Rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀ dún. Àǹtí ni, wọ́n ń béèrè ohun tó dá a dúró. Búrọ̀dá wò mí, ó na rédíò náà sí mi.

“Rùkáyátù? Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ ní kí n má jẹ́ kí ooru wọlé, mà. Yàrá gbóná. Mo wọ́n omi sí i.”

Atẹ́gùn òkè ń fẹ́ nínú rédíò náà.

“Ooru wo?” wọ́n ní.

“Ooru oòrùn, mà.”

“Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ooru omi ni mò ń wí. Èmi ni mo sọ ọ́ láàbọ̀.”

N kò mọ ohun tó gbé mi dé ibi tí mo ti dáhùn. “Ọ̀rinrin nìyẹn, mà. Bí ìrẹsì ò bá tíì gbẹ, ìyá mi á ní ó ṣì ní ọ̀rinrin. Bí ẹ bá ti ní ọ̀rinrin ni, ì bá ti yé mi.” Bó ṣe jáde lẹ́nu mi ló dà bí ẹni ń bá àgbà wí.

“Ọ̀rinrin,” Àǹtí ní. Wọ́n tún un pè, wẹ́rẹ́, bí ẹni tó rí owó ẹyọ nínú àpò aṣọ àtijọ́. “Ọ̀rinrin. Ọ̀rọ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ mi pátápátá.”

*Lókè*

Ìrọ̀lẹ́ ni Búrọ̀dá tó dán an tán. Wọ́n pàdánù ìdajì ọjọ́ kìíní, méjì àti ààbọ̀ ló kù. Ó tó wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Àǹtí ní kí wọ́n mú mi gòkè. Wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí mi nímú. Oòrùn ti yọ, mo rò pé iṣẹ́ ti tán, ṣùgbọ́n awò ṣì lajú sílẹ̀. Àǹtí ní ẹni tó ń wá ooru kò ní láti dúró de òkùnkùn. Wọ́n fi ẹ̀rọ hàn mí. Mo rí eruku tó tàn bí ẹyín iná, nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ìràwọ̀ mẹ́ta tó sún mọ́ra bí ọmọ ológbò. Àǹtí ní ojú èèyàn ò rí wọn rí. Wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Mo ní ẹkún ò dára níbẹ̀, ọ̀rinrin ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Búrọ̀dá ní dandan kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní ooru ń mú mi, gbogbo ilé á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ooru wo?” Kódà Màmá Rósà mọ̀ ọ́n pè.

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, mo jáde láti kí màmá pé ó dìgbà. Kí n tó tẹ orúnkún, mo rí i pé àwọn ló ń tẹ tiwọn, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú, wọ́n ń rọra lọ sílẹ̀ láti fi ti ìlú wa kí mi. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Mo sáré di apá wọn mú, mo gbé wọn dìde. N kò rí ohun mìíràn ṣe, mo fi ẹnu kò wọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

*Ọ̀fàdà*

Afẹ́fẹ́ ilé wọ̀ mí lára bí aṣọ tí wọn ò tíì fún. Ètè mi san láàárín ọjọ́ méjì. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí páànù, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí pé kí wọ́n jẹ́ kí Màmá Rósà gbọ́. Àǹtí fi àwòrán kan dá mi lóhùn: ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. ORINRIN. Búrọ̀dá ló kọ ọ́, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi rán mi lọ bá wọn fi ẹ̀rọ bó èèpo ìrẹsì. Bàbá tó ni ẹ̀rọ ti bu àpò wa sẹ́nu ẹ̀rọ, ó ku kó tan iná. Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń lọ síbẹ̀, n kò kí wọn kọjá ẹ kú iṣẹ́ rí. Mo mú hóró kan, mo gé e. Kò dún.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tan án.”

Wọ́n yí ojú padà. “Ṣé ìwọ lo sọ̀rọ̀ yẹn? Ọmọ ìyá ìrẹsì?”

“Èmi ni, sà. Ó ṣì ní ọ̀rinrin.”

Wọ́n mú hóró kan, wọ́n gé e, wọ́n fi etí sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọwọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n sì bá mi gbé àpò náà padà sórí tapólì.